Ìlà Kan Nínú Àpótí Tí A Kò Gbọdọ̀ Kọ Nǹkan Sí

Ìrọ̀rùn Kọ̀ǹpútà,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Òmù-Àrán,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà, oṣù Karùn-ún, 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Katakata Àgbẹ̀ Ìgbómìnà,
Èsìẹ́,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÀṢẸ LÁTI TẸ ÌLÀ KAN SÍNÚ ÀPÓTÍ KẸRÌNLÁ LÓRÍ FỌ́Ọ̀MÙ ÀWỌN OBÌNRIN MÁRÙN-ÚN ILÉ ÒGÚNTÚNDÉ, AGBAMU, KÍ KATAKATA TÓ KÚRÒ NÍBẸ̀ NÍ ỌJỌ́ JÍMỌ̀

1. Èmi ni Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí Adéyanjú. Mo kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní ẹ̀yìn ọjà Òmù-Àrán. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi wà lára àwọn tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì yín pé kí àwọn àgbẹ̀ lọ bá láti kún fọ́ọ̀mù katakata ìtúlẹ̀ ti ọdún yìí. Èmi kì í ṣe àgbẹ̀. N kò ní ilẹ̀ ní Agbamu, n kò sì bá ẹnikẹ́ni tan níbẹ̀. Mo ń kọ̀wé yìí nítorí pé ohun tí mo tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe pa á láṣẹ ti di ìjà ilẹ̀, ìjà tí a wá ẹni tí ń jà á títí tí a kò rí.

2. Nínú oṣù Kejì ni ẹ kéde pé ẹ kò ní í gba fọ́ọ̀mù tí a bá fi bíró kọ mọ́. Ẹ ní ìkọ̀wé àwọn àgbẹ̀ ń fọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín lójú. N kò ní àríwísí kankan lórí èyí. Mo ti rí ìkọ̀wé àwọn àgbẹ̀, mo sì ti rí ti àwọn òṣìṣẹ́ yín náà.

3. Fọ́ọ̀mù yín kì í ṣe èyí tí a lè tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìlà pupa, àpótí mẹ́rìnlá, àti nọ́ńbà ní igun òkè. Àgbẹ̀ kan, fọ́ọ̀mù kan, nọ́ńbà kan. Iṣẹ́ tèmi ni kí ọ̀rọ̀ bọ́ sínú àpótí tí ó ti wà nílẹ̀ kí n tó dé. Mo fi rúlà wọn gbogbo ìlà rẹ̀. Mo ya àwòrán rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Mo wá ṣe ohun tí àwa oníṣẹ́ yìí ń pè ní tẹ́ńpíléètì, tí olùkọ́ wa ń pè ní àwòṣe: ojú ìwé òfìfo kan tí àyè orúkọ, àyè ìlú àti àyè oko ti wà níbi tí ó yẹ kí wọ́n wà, tí ó fi jẹ́ pé bí mo bá ti fọ́ọ̀mù yín bọ ẹnu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọ̀rọ̀ nìkan ni yóò bọ́ sórí rẹ̀, kò ní í tẹ ìlà lé ìlà.

4. Ó rọrùn lẹ́nu. Àwọn tí wọ́n gé bébà fún yín kò gé e dọ́gba. Nínú ìdì kan, àpótí kìíní jìnnà sí etí bébà. Nínú ìdì kejì, ó ti sún mọ́ ọn bí ẹni tí ó fẹ́ sọ àṣírí fún un. Nítorí náà, ní àràárọ̀, kí n tó dá oníbàárà kankan lóhùn, mo máa ń tẹ orúkọ kan sórí bébà lásán, n ó gbé e lé fọ́ọ̀mù tuntun, n ó sì gbé méjèèjì síwájú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè là wọ́n kọjá. Bí orúkọ bá jókòó sórí ìlà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá gun ìlà, mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo sún un sísàlẹ̀ díẹ̀, mo tún dìde lọ sídìí fèrèsé. Àwọn ará àdúgbò ti gbà pé ohun kan wà tí mo ń wò lójú ọ̀run. N kò bá wọn jiyàn.

5. Mo ṣàlàyé gbogbo èyí kí ẹ lè mọ̀ pé n kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú fọ́ọ̀mù yín. Mo mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ àwọn ẹbí mi kan lọ. Mo mọ̀ pé àpótí kẹsàn-án ń bèèrè orúkọ ẹni tí ó ni ilẹ̀, àti pé ìlà kan ṣoṣo ni ó ní. Mo mọ̀ pé àpótí kẹwàá tí ó tẹ̀ lé e ń bèèrè bóyá àgbẹ̀ ní rédíò. Kò sí ibi kankan lórí fọ́ọ̀mù náà tí a ti bèèrè ohun tí onílẹ̀ jẹ́ sí àgbẹ̀. Àpótí kẹrìnlá ni ó fẹ̀ jù lọ. Ohun tí ẹ kọ sí orí rẹ̀ ni pé: "Fún ìlò ọ́fíìsì nìkan. Má kọ ohunkóhun síbí." Lára gbogbo fọ́ọ̀mù tí ẹ ti lu ní òǹtẹ̀ tí ẹ dá padà fún àwọn oníbàárà mi, n kò tíì rí ọ̀kan tí ọ́fíìsì lò ó.

6. Ẹ tún fún àwa oníkọ̀ǹpútà ní ìwé ìlànà. Èyí tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni ìlànà kẹrin, mo sì kọ ọ́ síbí bí ó ṣe wà: "Ohun tí àgbẹ̀ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ má fi kún un, ẹ má sì yọ níbẹ̀." Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè kọ̀ǹpútà mi, níbi tí àwọn ẹlòmíràn ń fi kàlẹ́ńdà sí.

7. Ní ọjọ́ ọjà kan nínú oṣù Kẹta, obìnrin márùn-ún láti ilé Ògúntúndé ní Agbamu wọlé tọ̀ mí wá. Ìyàwó ilé kan náà ni gbogbo wọn. Orí ilẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń dáko, ilẹ̀ ìdílé ọkọ wọn tí ó wà lẹ́yìn odò, oníkálukú ní abala tirẹ̀. Baálé wọn, Bàbá Àhmádù Ògúntúndé, ni ó ń mójú tó ilẹ̀ náà fún ìdílé, òun sì ni gbogbo Agbamu mọ̀ sí ẹni tí ó ni ín. Kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀ rí. Ní ti àwọn ọkọ obìnrin wọ̀nyí, àwọn tí ó ṣẹ́kù láyé nínú wọn wà ní Èkó. Ọdún Iléyá, ọdún Kérésìmesì àti ọjọ́ òkú ni wọ́n ń wálé. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń dá oko náà.

8. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí ẹ ti mọ̀, nítorí mo gbọ́ pé ẹni tí ó kọ ìlànà kẹrin kò ti ọ̀dọ̀ wa wá. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí ó ku ọ̀la kí ìyàwó wọlé. Orúkọ tí ó bá rí pé ó yẹ ẹ́ ni yóò fún un, òun náà ni yóò sì máa pè é títí ọjọ́ alẹ́. Bí ìyàwó márùn-ún bá wọlé, ọmọ ilé kan lè ní orúkọ márùn-ún, yóò sì máa jẹ́ gbogbo wọn láìbínú.

9. A kọ ìlú, a kọ oko, a kan àpótí kẹsàn-án. Màmá Ràfátù, tí ó jẹ́ ìyáálé gbogbo wọn, ni mo kọ́kọ́ bi. Ó dáhùn pé Akọ̀wé ni ó ni ilẹ̀. Nígbà tí ó wọlé ọkọ, Bàbá Àhmádù ṣì ń gbé síléètì lọ síléèwé. Ìyá Àfísù ni ó tẹ̀ lé e. Ó ní Ọkọ Mi Kékeré ni. Ìyá Success ní Eyínfúnjowó. Caroline, tí ó jẹ́ ọmọ Òkè-Onígbìn, ní Agùntáṣọọ́lò, nítorí pé bàbá náà ga. Jannat ni ó kéré jù láàárín wọn, ọmọ Bàbá Àhmádù ni ó fẹ́, orúkọ ọmọ tirẹ̀ sì ni Khalilullah. Òun ní Bàbá Àgbà Khalilullah ni ó ni ilẹ̀. Ìyẹn gùn ju ìlà lọ. Mo ní láti sọ lẹ́tà rẹ̀ di kékeré kí bàbá àgbà má baà wọ inú àpótí rédíò.

10. Ọmọ Ìgbómìnà ni mí. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí wọ́n sọ ní Eyínfúnjowó ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, nígbà tí eyín kankan kò tíì sí ní ẹnu rẹ̀. Mo rọ Màmá Ràfátù pé kí ó sọ èyí tí ó wà lórí káàdì ìdìbò bàbá náà fún mi. Ó bi mí bóyá ìyá mi ṣì wà láyé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n bá òun kí i, kí n sì bi í bóyá ó ti pe bàbá àgbà mi lórúkọ rí. Àwọn mẹ́rin yòókù ń wo ilẹ̀, èjìká Caroline sì ń gbọ̀n díẹ̀ díẹ̀.

11. Níwájú wọn náà ni mo ti pe ọ́fíìsì yín lórí fóònù. Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer, tí ó ń yẹ fọ́ọ̀mù wò fún yín, ni ó gbé e. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni ìlànà kẹrin wí. Mo kà á fún un láti ara ògiri. Ó bi mí bóyá mo ti gbọ́ ìdáhùn ara mi. Mo tẹ ohun tí àwọn obìnrin náà sọ.

12. Nígbà tí ó yá, orúkọ wọn jáde lára pátákó yín lábẹ́ àkọlé yìí: "Ilẹ̀ tí ìjà wà lórí rẹ̀. Katakata kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́." Ìdí tí ẹ sọ ni pé ọkùnrin márùn-ún ni wọ́n ń jẹ́ onílẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà. Ẹ kọ lẹ́tà ìpè márùn-ún, ọ̀kan sí oníjà kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n wá jókòó ìlàjà ní Èsìẹ́. Ọlọ́kadà yín kó wọn dé Agbamu. Ó bèèrè Eyínfúnjowó, wọ́n fi ilé kan hàn án. Ó jáde, ó bèèrè Agùntáṣọọ́lò, wọ́n tún fi ilé kan náà hàn án. Bàbá Àhmádù fọwọ́ sí márààrún. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ka èyí tí ẹ kọ sí Ọ̀gbẹ́ni Ọkọ Mi Kékeré ní àkàtúnkà, nítorí pé láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, kò sí ẹni tí ó tún fi ìwọ̀sí àti ọ̀wọ̀ pọ̀ fún òun bẹ́ẹ̀ mọ́. Eyín méjì péré ni ó kù ní ẹnu rẹ̀. Bí ó ti ń sọ ọ́, mo rí méjèèjì.

13. Mo tẹ̀ lé bàbá náà àti àwọn obìnrin márààrún lọ sí Èsìẹ́, nítorí pé èmi ni mo tẹ fọ́ọ̀mù. Wọ́n ti to àga márùn-ún síwájú tábìlì, wọ́n sì ti lẹ orúkọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá Àhmádù wò wọ́n títí, ó jókòó sórí ti Akọ̀wé nítorí pé òun ni ó sún mọ́ fáànù. Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer ní kí a dúró de àwọn mẹ́rin yòókù. A dúró. Nígbà tí ó tún gbé ọwọ́ sókè láti wo aago, bàbá náà sọ fún un pé: "Ọmọ mi, má wulẹ̀ dúró mọ́. Èmi náà ni gbogbo wọn."

14. Mo gbà pé Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer ṣe ohun tí ìlànà ní kí ó ṣe. Ó ní ẹnì kan kò lè ṣojú ẹni mẹ́rin nínú ọ̀ràn ilẹ̀ láìmú ìwé àṣẹ wá láti ọwọ́ wọn. Bàbá Àhmádù ní kò burú, kí wọ́n fún òun ní bíró kí òun fún ara òun láṣẹ. Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer rán an létí pé ọ́fíìsì náà kò gba ohun tí a fi bíró kọ mọ́.

15. Ó wá ní ọ̀nà kan ṣì kù, èyí tí ó rọrùn jù. Kí obìnrin kọ̀ọ̀kan dìde, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ bàbá náà ní kíkún, òun yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan ni wọ́n. Màmá Ràfátù dìde, ó na ìka sí bàbá náà níbi tí ó jókòó sí. Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer ní a kì í kọ ìka sínú ìwé. Màmá ní àbúrò ọkọ òun ni. Ọkùnrin náà ní orúkọ ni òun bèèrè. Caroline ní olórí ilé àwọn ni. Ìyá Success ní ẹni tí ó bí ọkọ Jannat ni. Bí wọ́n ṣe ń yí orúkọ náà ká nìyẹn, bí ẹni tí ń ro ìdí igi tí kò fẹ́ kí ọkọ́ kan igi.

16. Ó yíjú sí Jannat, bóyá nítorí pé ó kéré, tí ó sì ti ka ìwé mẹ́wàá. Ó ní òun mọ̀ pé ọ̀làjú ni, kí ó gba àwọn ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Jannat wo bàbá ọkọ rẹ̀. Bàbá wo fèrèsé, kí ó má baà jọ ẹni tí ń bẹ̀ ẹ́ tàbí ẹni tí ń kọ̀ fún un. Ọmọbìnrin náà la ẹnu, ó tún pa á dé, ó sì kúnlẹ̀ síbẹ̀. Màmá Ràfátù ni ó fà á dìde. Ó sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer pé ní ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ òun, tí òun kò mọ ibi tí òun wà mọ́, òun kò ṣèèṣì pe àbúrò rẹ̀ lórúkọ. Òun kò sì ní í tìtorí irin pè é lónìí. Bàbá Àhmádù dìde kúrò lórí àga Akọ̀wé. Ó ní kí gbogbo wọn máa bọ̀ nílé, pé ilẹ̀ kò ní í sá lọ.

17. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ kò ní í sá lọ. Òjò ni yóò lọ. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè jókòó sójú kan. Bí ìkùukùu bá ṣú, mo dìde. Bí kò bá ṣú, mo tún dìde, kí n lè wo ìdí tí kò fi ṣú. Òjò ti rọ̀ dáadáa ní Agbamu. Ilẹ̀ ti rọ̀, koríko sì ti ń gbérí. Katakata yín wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Ó ń tú ilẹ̀ Abdulkadir, ẹni tí òun àti ilé Ògúntúndé jọ pààlà. Mo lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú. Mo rí i bí katakata ṣe ń bọ̀ títí dé ààlà, tí awakọ̀ á gbé irin ìtúlẹ̀ sókè, tí á sì yí padà bí ẹni pé ògiri wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin náà dúró ní apá kejì, wọ́n ń wò ó. Wọn kò bá a jà. Caroline bu omi fún awakọ̀, òun náà sì na ọwọ́ kọjá ààlà gbà á, ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ kọjá, nítorí pé ẹ ti kìlọ̀ fún un.

18. Ìwé tí ẹ lẹ̀ sọ pé ní ọjọ́ Jímọ̀ yìí ni katakata yóò gbéra lọ sí Bàbáńlá, àti pé kò ní í padà sí Agbamu mọ́ lọ́dún yìí. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ́ ni àwọn obìnrin wọ̀nyí fi ro ìwọ̀nba tí agbára wọn ká, ìyókù sì di igbó. Màmá Ràfátù ti dàgbà kọjá ẹni tí ń kọ ebè. Àwọn ọmọ tí ó yẹ kí wọ́n bá a kọ ọ́ wà ní Èkó, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́ lórí fóònù. Àgbàdo tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irúgbìn wà nínú àpò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí a kò bá tú ilẹ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ yìí, wọn yóò sè é jẹ, ọdún náà yóò sì ti lọ mọ́ wọn lọ́wọ́.

19. Mo ti ro ọ̀nà mìíràn kí n tó yọ yín lẹ́nu. Ti pé kí a kún fọ́ọ̀mù tuntun: ẹ ní ó ti tán, àti pé àgbẹ̀ kan kò lè ní nọ́ńbà méjì. Ti pé kí a pa ohun tí ó wà níbẹ̀ rẹ́: ìlànà kẹfà kọ̀ ọ́. Ti pé kí a so ìwé àlàyé mọ́ ọn: ìlànà keje kọ̀ ọ́. Ti bíró, a ti sọ tẹ́lẹ̀. Ti pé kí obìnrin márùn-ún fi ẹnu pe baálé wọn lórúkọ, ẹ bi àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àyè kan ṣoṣo tí ó kù lórí fọ́ọ̀mù náà ni àpótí kẹrìnlá.

20. Mo ti wọn àpótí náà. Ó gba ìlà kan láìfún ara. Ó gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá, ṣùgbọ́n n kò ní í ṣe ojúkòkòrò. Mo ti ṣe àwòṣe tuntun kan tí gbogbo àyè yòókù inú rẹ̀ ṣófo, tí ó fi jẹ́ pé bí fọ́ọ̀mù tí a ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá gba ẹnu ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀kejì, ìlà yìí nìkan ni yóò bọ́ sórí rẹ̀: "Ẹni tí a dárúkọ ní àpótí kẹsàn-án ni Àhmádù Ògúntúndé, Agbamu." Ìlà kan náà ni fún márààrún. Ìlànà kẹrin kò fara gbọgbẹ́: n kò fi kún ohun tí àgbẹ̀ sọ, n kò sì yọ níbẹ̀. Àpótí kẹrìnlá kì í ṣe ti àgbẹ̀. Ti yín ni. Ọ̀rọ̀ tí ó bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ sọ ọ́, kì í ṣe ìyàwó ilé kankan.

21. N kò fẹ́ ṣe é lẹ́yìn àwọn tí ó ni ọ̀rọ̀. Mo padà lọ bá Màmá Ràfátù ní Agbamu, mo bi í bóyá inú rẹ̀ kò ní í bàjẹ́ bí orúkọ náà bá jáde lórí ìwé tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ó bi mí bóyá òun ni yóò kà á. Mo ní rárá. Ó bi mí bóyá Jannat ni yóò kà á. Mo ní kò sí ẹni tí yóò kà á àyàfi ọ́fíìsì. A ń gbọ́ ìró katakata láti ọ̀nà odò. Lẹ́yìn náà ó ní: "Bí ẹ̀rọ bá pè é, ẹ̀rọ ni ó pè é. Wọn kò gbé e níyàwó wá sílé wa." Mo lè jẹ́rìí sí èyí. Ìlọrin ni mo ti ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi, kò sì ní àna kankan tí mo mọ̀.

22. Nítorí náà, mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín pé:

kí ẹ fún mi ní àṣẹ, lórí ìwé tàbí lórí fóònù, láti tẹ ìlà yìí sínú àpótí kẹrìnlá lórí fọ́ọ̀mù márààrún kí Ọjọ́bọ̀ tó parí. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí fọ́ọ̀mù náà kúrò lọ́dọ̀ yín, èmi yóò gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti jẹnẹrétọ̀ mi wá sí Èsìẹ́, a ó sì tẹ̀ ẹ́ lójú Ọ̀gbẹ́ni Ebenezer;

kí ẹ yọ ilẹ̀ ilé Ògúntúndé kúrò lára pátákó ìjà, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí awakọ̀ pé ààlà tí ó ń yí padà níbẹ̀ kì í ṣe ògiri.

Bí àyè bá wà, mo tún bẹ̀ yín pé nígbà tí ẹ bá ń tẹ fọ́ọ̀mù ti ọdún tí ń bọ̀, kí ẹ yọ rédíò kúrò, kí ẹ fi àyè rẹ̀ bèèrè ohun tí onílẹ̀ jẹ́ sí àgbẹ̀. Obìnrin lè má pe orúkọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò lè sọ pé bàbá ọkọ òun ni. Èyí kò kán wa lójú tó ti Jímọ̀.

23. Mo mọ̀ pé ẹ lè kọ ẹ̀bẹ̀ yìí, kí ẹ sì wà lórí òtítọ́ ìlànà. Àwọn obìnrin náà kò ní í wá jà; Bàbá Àhmádù kò ní í wá jà ní orúkọ kankan nínú márààrún. Katakata yóò kàn gbé irin rẹ̀ sókè ní ààlà nígbà ìkẹyìn, yóò sì bọ́ sọ́nà Bàbáńlá.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, lórí ìdúró,

Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí Adéyanjú,
Olùdarí, Ìrọ̀rùn Kọ̀ǹpútà, Òmù-Àrán.

Ohun tí ó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí: bébà lásán kan, tí mo tẹ ìlà náà sí gẹ́gẹ́ bí yóò ṣe wà. Ẹ mú fọ́ọ̀mù Màmá Ràfátù jáde, ẹ gbé bébà yìí lé e, kí ẹ sì gbé méjèèjì síwájú fèrèsé ọ́fíìsì yín. Ẹ ó rí i pé ó jókòó sáàárín àpótí láìkan ìlà kankan. Bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú ní Èsìẹ́ débi pé ẹ kò rí ìmọ́lẹ̀ tí yóò là á kọjá, a jẹ́ pé òjò tí mo ń kọ̀wé nípa rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ yín ṣáájú lẹ́tà mi.